Bí aṣojú alùpùpù bá kógbá sílé ní Kétu: ohun tó kù fún ẹni tó ni alùpùpù láti ṣe

Bí ilé ìtajà tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ alùpùpù kan bá ti ilẹ̀kùn pa ní Kétu ti ilẹ̀ Benin, alùpùpù tí ẹ ti rà lọ́wọ́ wọn ṣì ń rìn bó ṣe ń rìn lánàá. Nǹkan mẹ́rin ló bá wọn lọ: ìwé yín tó wà lọ́wọ́ wọn, ìwé nọ́ńbà páátì tí wọ́n máa ń ṣí wò, irinṣẹ́ tí mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà kò ní, àti ọwọ́ ẹni tó ti tú irú ẹ́ńjìnnì yẹn láìmọye ìgbà. Ẹni tó bá tètè wá ìdípò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò gun alùpùpù yẹn pẹ́. Ẹni tí kò bá wá a yóò tà á ní ọ̀pọ̀ nítorí páátì kékeré kan tó wà lórí àtẹ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).

Ẹ má tíì tà á. Ọjọ́ tí ìròyìn bá jáde ni àwọn alágbàtà máa ń yí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ po, tí wọ́n á máa wí pé páátì rẹ̀ ò ní sí mọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ irọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páátì ló máa sọ èyí tó jẹ́, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ má sì sáré lọ kó gbogbo ohun tó kù lórí àtẹ ilé ìtajà náà nítorí pé wọ́n dín owó kù. Ìdajì rẹ̀ ni ẹ máa rí rà níbikíbi, ìdajì kejì ló yẹ kí ẹ náwó sí.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá gbọ́ ni kí ẹ lọ. Bí alùpùpù yín bá wà ní ìdí àtúnṣe lọ́dọ̀ wọn, ẹ gbé e lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ẹ ka páátì tí wọ́n tú, ẹ kó o sínú àpò. Bí ilé-ẹjọ́ bá fi èdìdì sí ilẹ̀kùn nítorí gbèsè, alùpùpù yín yóò wà ní àtìmọ́lé pẹ̀lú ẹrù ẹni tó jẹ gbèsè, ẹ óò sì máa fi ìwé jẹ́rìí pé tiyín ni.

Ẹ béèrè fún rìsíìtì gidi, èyí tí wọ́n ń pè ní facture normalisée, tó ní àmì QR àti nọ́ńbà IFU (nọ́ńbà owó orí) ilé ìtajà lórí. Bébà tí wọ́n fi bíírò kọ kò tó. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé aṣọ́bodè tí alùpùpù náà fi wọlé, ìwé ìtọ́jú tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí, àti kọ́kọ́rọ́ kejì. Bí wọ́n bá ń bá yín ṣe carte grise (ìwé ìforúkọsílẹ̀ alùpùpù) lọ́wọ́ ní ANaTT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà ojú ilẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà fáìlì náà àti rìsíìtì owó tí wọ́n san, kí ẹ lè máa bá a lọ fúnra yín. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì máa ń pẹ́ jù láti tún ṣe.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára irin ọrùn alùpùpù, nísàlẹ̀ ọwọ́ ìdarí, wé èyí tó wà nínú ìwé. Àmì 17 ni. Kò sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rí O nínú ìwé yín, òdo ni akọ̀wé fẹ́ kọ, ẹ jẹ́ kó tún un kọ kó tó kó ẹrù rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: ti Íńdíà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MA títí dé ME, ti Ṣáínà pẹ̀lú L. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù wọ̀nyí, àmì kẹwàá ni ọdún: M ni 2021, N ni 2022, P ni 2023, R ni 2024. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Òun ni ẹni tó ń ta páátì ní Kútọnu yóò kọ́kọ́ bi yín.

Ní ti àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́, ẹ wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń kó alùpùpù wọlé sí Kútọnu ló fọwọ́ sí i, aṣojú tó wà ní Kétu kàn ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni, àdéhùn yẹn ṣì wà. Ẹ gbé ìwé ìtọ́jú lọ sọ́dọ̀ aṣojú míì ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Ohun tó máa ń ba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni òǹtẹ̀ tí kò pé, nítorí náà ẹ má fo ìtọ́jú kankan nínú oṣù tí ẹ fi ń wá ibi tuntun. Bó bá jẹ́ ilé ìtajà tó kógbá sílé fúnra rẹ̀ ló ṣe ìlérí, gbèsè ni ìlérí yẹn ti dà. Bákan náà ni owó àsansílẹ̀ fún alùpùpù tí ẹ kò tíì rí. Orílẹ̀-èdè Benin wà nínú OHADA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń lo òfin òwò kan náà. Lábẹ́ òfin rẹ̀, bí ilé-ẹjọ́ bá kéde pé oníṣòwò kan ti jẹ gbèsè kọjá agbára, yóò yan ẹni tí wọ́n ń pè ní syndic, tó máa bójú tó ẹrù àti gbèsè oníṣòwò náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gbé rìsíìtì yín lọ, kí àkókò tí wọ́n dá fún àwọn tí wọ́n jẹ lówó tó pé. Ẹni tí kò bá kọ orúkọ sílẹ̀ lásìkò kò ní sí lára àwọn tí wọ́n máa pín nǹkan fún.

Ohun kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, tó sì níye lórí ju gbogbo páátì wọn lọ: ìwé páátì tí wọ́n máa ń ṣí wò, tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú sílẹ̀, tí nọ́ńbà wà ní ẹ̀gbẹ́ páátì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ewé tó kan irú alùpùpù yín. Ẹni tó ń kó ẹrù lọ kì í kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ta ló máa tú u?

Ẹ béèrè ibi tí mẹkáníìkì ilé ìtajà náà ń lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, abẹ́ ibòji kan ládùúgbò ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kí wọ́n tó túká. Bí kò bá sí, ẹ dán ọ̀gá mẹkáníìkì tí ẹ fẹ́ lò wò pẹ̀lú iṣẹ́ kékeré. Ẹ wò ó bóyá ó ń fi abẹ irin wọn àlàfo fáàfù tàbí etí lásán ló fi ń gbọ́ ọ. Ẹ wò ó bóyá ó ń to bóòtì sórí pátákó bó ṣe tú wọn, nítorí bóòtì ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kò gùn bákan náà. Èyí tó gùn níbi tó yẹ kó kúrú máa ń ti àgbá ẹ́ńjìnnì ya. Bó bá gbé òòlù láti tú mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wa alùpùpù yín lọ.

Páátì: ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta

Ìsọ̀rí kìíní ni àwọn páátì tí gbogbo ayé fi nọ́ńbà kan náà mọ̀. Kò sí aṣojú tó ni wọ́n. Bíárìn táyà jẹ́ ọ̀kan: 6202, 6301, 6302 ló pọ̀ jù, nọ́ńbà náà sì wà lára rẹ̀. 6301 ní ihò 12 mm, fífẹ̀ rẹ̀ lóde 37 mm, nínípọn rẹ̀ 12 mm, ì báà jẹ́ ti alùpùpù, ì báà jẹ́ ti ẹ̀rọ ọlọ gààrí. Ẹ wá èyí tó ní 2RS lẹ́yìn nọ́ńbà, ìyẹn ni pé rọ́bà bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí eruku pupa ilẹ̀ wa. Rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì náà ní nọ́ńbà mẹ́ta lára: ihò inú, fífẹ̀ òde, nínípọn.

Ṣéènì ọ̀pọ̀ alùpùpù 100 sí 150 cc jẹ́ 428, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ojú rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbó, ẹ nà án, kí ẹ wọn ojú 20, láti àárín píìnì kan dé àárín píìnì tó parí ojú ogún náà: 254 mm ni tuntun. Bó bá ti kọjá 259 mm, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ sípúrókẹ́ẹ̀tì iwájú àti tẹ̀yìn. Ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti jẹ kì í pẹ́, àwọn tó ń fi zémidjan (ọ̀kadà) jẹun mọ èyí dáadáa. Kí ẹ tó ra sípúrókẹ́ẹ̀tì, ẹ ka eyín rẹ̀, kí ẹ sì ka àwọn ilà inú ihò ti iwájú, nítorí méjì tó ní eyín kan náà lè máà wọ ọ̀pá kan náà.

Púlọ́ọ̀gì, tàbí bùjí bí a ṣe ń pè é níbí, ní èdè tirẹ̀. Lára èyí tí ilé-iṣẹ́ NGK ṣe, lẹ́tà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ ojú tó ń dè: B jẹ́ 14 mm, D jẹ́ 12 mm, C jẹ́ 10 mm. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni bó ṣe ń gba ooru. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni púlọ́ọ̀gì náà ṣe ń tutù tó. Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ni gígùn apá tó ń wọnú: E jẹ́ 19 mm, H jẹ́ 12.7 mm. D8EA ló wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù CG125 ti Honda. Bí wọ́n bá fi èyí tó gùn sí ibi tó yẹ kí kúkúrú wà, písítìn lè gbá a, owó púlọ́ọ̀gì á wá di owó ẹ́ńjìnnì. Táyà, bátìrì àti gílóòbù náà wà nínú ìsọ̀rí yìí. Ẹ má kó wọn pamọ́. Bátìrì tó jókòó láìgba iná ń kú, rọ́bà ń gbẹ. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT lára táyà ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà “tuntun” tí ilé ìtajà tó ń kógbá sílé ń tà ní ìdajì owó lè ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìsọ̀rí kejì ni àwọn páátì tí orúkọ púpọ̀ ń pín lò. Ọ̀pọ̀ alùpùpù 125 ti Ṣáínà ni wọ́n ṣe lórí àpẹẹrẹ CG125 ti Honda: ihò písítìn 56.5 mm, ìrìn písítìn 49.5 mm, ọ̀pá gígùn ló sì ń ti fáàfù. Orúkọ ara táńkì lè yàtọ̀, kí inú má yàtọ̀. Bí alùpùpù yín bá wà lára wọn, ìkógbásílé aṣojú kò pa yín lára tó bí ẹ ṣe rò. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ gbé páátì àtijọ́ dání, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ wọn ihò, ẹ wọn nínípọn, ẹ gbé gáskẹ́ẹ̀tì lé ara wọn kí ẹ wò bóyá ihò ọ̀nà ọ́ìlì bára mu. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú jù ni CDI, àpótí kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí púlọ́ọ̀gì. Irú kan ń gba iná láti inú wáyà mágínẹ́ẹ̀tì, ìkejì ń gba tirẹ̀ láti bátìrì. Wọ́n lè jọra, kí ìdè wáyà wọn náà sì wọ ara wọn. Bí ẹ bá ṣi ọ̀kan gbé sí ipò ìkejì, iná ò ní tan lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, tàbí kí CDI jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ rà á.

Bí ẹ bá ń ra písítìn àti ríìngì, ẹ bi ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì bóyá wọ́n ti gbẹ́ ihò rẹ̀ rí. Títóbi àfikún wọn ni 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00 mm, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sórí písítìn. Ríìngì ihò tuntun nínú ihò tí wọ́n ti gbẹ́ yóò máa mu ọ́ìlì, èéfín búlúù á sì máa tẹ̀ lé yín dé Pọ́bẹ̀.

Ìsọ̀rí kẹta ni ti yín nìkan, òun ni kí owó yín lọ sí nígbà tí ilé ìtajà bá ń tú àtẹ. Àwọn ni: gáskẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì ní pípé, CDI, wáyà mágínẹ́ẹ̀tì, ìbòrí ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti tan ẹ́ńjìnnì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti ti ìyára, àti àpapọ̀ kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ìdérí táńkì. Bí owó bá kù, ẹ fi pàlàbà kílọ́ọ̀ṣì kan kún un. Bí kò bá sì tó, gáskẹ́ẹ̀tì, CDI àti wáyà mágínẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ mú. Alùpùpù á rìn láìsí ìdérí táńkì tó rẹwà, kò lè rìn láìsí iná. Ẹ tẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì pẹrẹsẹ láàárín pátákó méjì. Èyí tó bá ká kò ní tún nà dáadáa. Ẹ di CDI sínú ọ̀rá, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà àti orúkọ alùpùpù sórí rẹ̀, torí lẹ́yìn ọdún méjì kò sẹ́ni tó máa rántí ohun tó wà nínú àpótí.

Rírà láti ọ̀nà jíjìn

Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún ará Kétu: ìsàlẹ̀, sí Pọ́bẹ̀, Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, tàbí ìlà-oòrùn, láti Ìlárá sí Ìmẹ̀kọ àti Abẹ́òkúta. Ẹ má gbára lé ẹyọ kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀, ó sì di oṣù kejìlá 2020 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹni tí gbogbo páátì rẹ̀ ń bọ̀ láti Nnewi nígbà náà mọ ohun tó rí. Bákan náà, irú alùpùpù kan tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà lè ní iná tàbí kábúrétọ̀ tó yàtọ̀ sí tibí, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí ẹ bá ń rà á lórí WhatsApp, ẹ fi nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́: nọ́ńbà páátì láti inú ojú ewé tí ẹ yà, nọ́ńbà alámì 17 ti alùpùpù, àti àwòrán páátì àtijọ́ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí òǹtajà náà ya èyí tó fẹ́ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rúlà kí ẹ tó fi MoMo sanwó. Òǹtajà tó bá kọ̀ láti ya á kò ní in lọ́wọ́. Bí ẹ bá lè kó ara yín jọ, ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ń gun irú kan náà, kí ẹ sì rà á pọ̀, owó ọkọ̀ á fúyẹ́, òǹtajà á sì mọ̀ yín.

Ayédèrú kò ṣòro láti mọ̀ bí ẹ bá ní sùúrù. Òrùka irin tó wà lọ́rùn púlọ́ọ̀gì gidi kì í bọ́ kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ti ayédèrú máa ń yọ bọ́ lọ́wọ́. Bíárìn tí ó ń dún ṣáká-ṣáká bí ẹ ṣe ń fi ìka yí i, ẹ dá a padà.

Irinṣẹ́ tí ẹ lè fi èésú rà

Àwọn onílé-ìtajà ní ohun tó ń fa mágínẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹni tí kò ní in ń lu mágínẹ́ẹ̀tì ní òòlù, mágínẹ́ẹ̀tì á sán, tàbí kí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì tẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n láìsí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Òun, pẹ̀lú sípánà nọ́ọ̀tì kílọ́ọ̀ṣì, abẹ irin tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, àti mítà iná, ni gbogbo ohun tó yàtọ̀ láàárín ibi iṣẹ́ wọn àti abẹ́ igi. Ẹ dá èésú láàárín ẹgbẹ́, kí ẹ rà á, kí ẹ fi sọ́wọ́ mẹkáníìkì kan tí gbogbo yín fọkàn tán. Ẹ wo irú ojú tó ń dè ti mágínẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó ra ohun tó ń fà á. Òmíràn ń dè láti òsì.

Ìtọ́jú tí ẹ lè máa ṣe fúnra yín

Ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹ ra èyí tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí. Ọ́ìlì ọkọ̀ tó ní èròjà tó ń mú kí irin yọ̀ púpọ̀ máa ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ pẹ̀lú: ẹ́ńjìnnì á ké, alùpùpù ò ní sáré. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, wọ́n máa ń tẹ iye lítà rẹ̀ síbẹ̀. Bóòtì ìsàlẹ̀ tó ń tú ọ́ìlì dànù, ẹ má fi gbogbo agbára dè é. Inú álúmíníọ̀mù ló wọ̀, ojú rẹ̀ á jẹ, ọ́ìlì á sì máa kán.

Àlàfo fáàfù CG125 jẹ́ 0.08 mm, kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bó bá dín jù, fáàfù kì í tì dáadáa, á jó. Bó bá pọ̀ jù, ẹ óò gbọ́ ọ bó ti ń kan tì-tì-tì. Ní ti iná, ẹ fi mítà wọn bátìrì tó ti sinmi: bíi 12.6 volt ni tó kún. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì tí ẹ fún un ní ìyára díẹ̀, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.8. Bó bá kọjá 15, ẹ̀rọ tó ń dín iná kù ti bàjẹ́, bátìrì á hó, gílóòbù á máa jó léraléra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra gílóòbù lọ́sẹ̀ méjì-méjì nítorí èyí. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fọ fóòmù tó ń sẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lú omi ọṣẹ, kó gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Bẹntiróò ń jẹ fóòmù.

Ìgbà wo ló tó láti tà á

Bí páátì ìsọ̀rí kẹta tó bàjẹ́ kò bá sí ní Kútọnu, tí kò sí ní ìhà Abẹ́òkúta, tí àwọn mìíràn tó ń gun irú rẹ̀ náà ti ń tú alùpùpù kan fi tún òmíràn ṣe, ẹ tà á nígbà tó ṣì ń rìn. Ẹ fi páátì tí ẹ kó pamọ́ àti àwọn ojú ewé tí ẹ yà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń rà yóò san owó lé e. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́jà Kétu, kí ẹ béèrè gáskẹ́ẹ̀tì, CDI àti pàlàbà kílọ́ọ̀ṣì irú rẹ̀ lọ́wọ́ òǹtajà mẹ́ta. Bí wọ́n bá ní méjì nínú rẹ̀ lórí àtẹ, tí wọn kò ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ lè rà á, ì báà jẹ́ pé kò sí aṣojú rẹ̀ nílùú.